Kí Lọmọ Yẹn Wí?

Létí títì Tubman Boulevard, ní àdúgbò Sinkor ní Monrovia, ni Alfred Sirleaf gbé pátákó dúdú ńlá kan kalẹ̀ sí lọ́dún 2000, ó sì pè é ní Daily Talk. Ìwé ìròyìn ni, àmọ́ kò ní bébà. Ọkùnrin náà yóò ka àwọn ìwé ìròyìn tó jáde, yóò gbọ́ rédíò, yóò bi àwọn ojúlùmọ̀ léèrè, lẹ́yìn náà ni yóò mú ṣọ́ọ̀kì, tí yóò kọ kókó ọ̀rọ̀ sára pátákó ní irú èdè tí ìyá aláta ní ọjà Waterside fi ń nájà. Ẹni tó wà nínú takisí ń kà á, ẹni tó gbé ẹrù lérí ń kà á, kò sì sí ẹni tó ń san kọ́bọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé ńkọ́? Sirleaf ti ro tirẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń gbé nǹkan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀: bí o bá rí akoto aláwọ̀ búlúù, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà ìjọba Charles Taylor, wọ́n wó pátákó yìí dànù. Nígbà tí ogun parí, ó tún un gbé dìde.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo bá wá, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ìṣòro tí pátákó yẹn yanjú ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ olùkọ́ ti ń bá wọ̀yá ìjà láti nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta sẹ́yìn: báwo ni ohun tí kì í ṣe ènìyàn yóò ṣe máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní èdè tí ẹni náà ń sọ nílé, tí yóò sì gbọ́ èsì tó bá fún un? Apá kejì ìbéèrè yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí. Ẹ̀rọ ti mọ ọ̀rọ̀ sọ báyìí, àfi bíi kó má dákẹ́ mọ́. Etí ni kò tíì là.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, ìròyìn kan jáde láti Monrovia tó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25,000 jókòó ṣe ìdánwò àtiwọ Yunifásítì Làìbéríà, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo kò yege. Òṣìṣẹ́ yunifásítì náà kan sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ní ìtara, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì fìdí múlẹ̀. Àwọn mìíràn ní ogun tó jà láti 1989 sí 2003 ló jẹ ilé-ẹ̀kọ́ run. Ní ọdún tó tẹ̀ lé ìdánwò náà ni Ebola tún dé, tí wọ́n ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa títí di oṣù Kejì ọdún 2015. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà, àfi ti ìtara. Bí odidi oko bá kọ̀ tí kò so, a kì í dá irúgbìn nìkan lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ nípa Gẹ̀ẹ́sì tí òṣìṣẹ́ yẹn kàn sọ kọjá lọ ló yẹ ká dá dúró ká bi léèrè: èwo nínú Gẹ̀ẹ́sì? Ní Monrovia, Gẹ̀ẹ́sì ìwé wà, Kolokwa sì wà, èyí tí gbogbo ìlú ń sọ lọ́jà, nínú ọkọ̀, àti ní ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ọmọ lóòótọ́. Lẹ́yìn Kolokwa, èdè ìbílẹ̀ bíi mẹ́rìndínlógún ló tún wà, Kpelle, Bassa, Vai, Kru, Grebo àti àwọn yòókù.

Làìbéríà kan náà ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó jinlẹ̀ jù nípa ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni tó lá àlá fóònù alágbèéká. John Gay, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Cuttington College ní Suakoko, rí i pé ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe àwọn ọmọ Kpelle bí ẹni pé àjèjì ń fi àdììtú bá wọn sọ̀rọ̀. Òun àti Michael Cole, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, jọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbé ìwé wọn jáde ní 1967. Dípò kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn ọmọ ti ń kùnà, wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ará Kpelle mọ̀ ọ́n ṣe.

Àgbẹ̀ onírẹsì ni àwọn Kpelle. Agolo kan tí wọ́n ń pè ní kopi ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì, bí àwa ṣe ń lo kóńgò. Gay àti Cole da ìrẹsì sínú abọ́, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ tí kò rí ilé-ẹ̀kọ́ rí fojú díwọ̀n iye agolo tó wà níbẹ̀. Wọ́n fi ìbéèrè kan náà lọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ti kàwé gan-an. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í, àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Ìwé náà tún sọ ohun kan tí yóò pa ẹnikẹ́ni tó bá ti ra gàrí ní ọjà Bódìjà lẹ́rìn-ín: kopi méjì ni oníṣòwò ń ní. Èyí tó fi ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ti lu ìdí rẹ̀ yọ síta kó lè gba ìrẹsì sí i. Èyí tó fi ń tà, ìdí rẹ̀ wà bó ṣe wà. Ní tiwa, inú ni wọ́n ń lu ìdí kóńgò sí. Ìṣirò ni èyí náà o, ìṣirò tó ń mówó wọlé.

Lẹ́yìn náà, Joseph Glick, tó wà nínú ẹgbẹ́ aṣèwádìí wọn, ní kí àwọn àgbẹ̀ Kpelle pín ogún nǹkan sí ìsọ̀rí: oúnjẹ, aṣọ, irin iṣẹ́, ohun èlò ìdáná. Ohun tí àwọn oníwèé ń retí ni pé kí oúnjẹ lọ pẹ̀lú oúnjẹ, kí irin iṣẹ́ lọ pẹ̀lú irin iṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀bẹ ti ọsàn, torí ọ̀bẹ ló ń gé ọsàn. Wọ́n sì ń sọ pé bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tó sú aṣèwádìí, ó béèrè pé báwo ni òmùgọ̀ yóò ṣe pín in. Kíá, wọ́n to oúnjẹ síbì kan, wọ́n to irin iṣẹ́ síbì kan, wọ́n to aṣọ síbì kan, rẹ́gí bí ìwé ṣe fẹ́ ẹ.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ olùkọ́ kọ ìtàn yìí sára ògiri ọ́fíìsì wọn. Ká ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìdánwò yẹn ni, "kò gbà á" ni ì bá kọ síwájú àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ì bá sì fi wọ́n sí kíláàsì àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí. Ìmọ̀ wà lórí wọn látìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ni kò kan ilẹ̀kùn tó tọ́.

Ohun tí kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí ni pé Ìbàdàn ni ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó tẹ̀lé e ti jáde. Gay àti onímọ̀ èdè William Welmers kọ̀wé lórí ìṣirò àti ìrònú nínú èdè Kpelle, Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ ní 1971. Lásìkò yẹn gan-an, ní Ilé-Ifẹ̀, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àbájáde iṣẹ́ méjèèjì wà nílẹ̀ wa. Eruku ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ wo bí èdè ṣe ń wọ inú ìṣirò. Nínú Kpelle, bí èèyàn bá kà kọjá márùn-ún, àrún yẹn náà ni yóò máa fi ẹyọ lé: mẹ́fà jẹ́ márùn-ún àti ọ̀kan, méje jẹ́ márùn-ún àti méjì, títí dé mẹ́sàn-án. Tiwa tún ta kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Márùndínláàádọ́ta: kí o tó mọ iye tó jẹ́, o ti yọ nǹkan kúrò nínú nǹkan. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ tó sì kọ 55 sílẹ̀ ti gbọ́ márùn-ún, ó ti gbọ́ àádọ́ta. "Dín" ló bọ́ mọ́ ọn létí. Ọmọ mìíràn lè kọ 45 láti ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá. Fún un ní 52 kó yọ 17 kúrò. Yóò ní méjì kò tó méje, nítorí náà òun yóò yọ méjì kúrò lára méje, ó kù márùn-ún. Ọ̀kan kúrò lára márùn-ún, ó kù mẹ́rin: 45. Ìdáhùn tó tọ́ ni 35. Ọmọ yìí kò ṣàdédé méfò o. Ó ní ìlànà, ó sì tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ láìyẹsẹ̀. Ìlànà náà ló wọ́.

Obìnrin kan kọ́ mi nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta. Bí o bá kùnà ìṣirò, kì í na ọmọ, kì í sì í sọ èsì fún ọmọ. Ohun tó ń sọ kò ju "Fi hàn mí bí o ṣe débẹ̀" lọ. Nígbà mìíràn, kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, èmi fúnra mi á ti rí ibi tí mo ti ṣìnà.

John Seely Brown àti Richard Burton ní Amẹ́ríkà gbìyànjú láti gbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ní 1978, wọ́n kọ̀wé nípa ètò kan tí wọ́n pè ní BUGGY, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo àṣìṣe ọmọ nínú ìyọkúrò kó sì sọ irú ìlànà wíwọ́ tó bí i. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n ti ṣe SOPHIE, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń wá ibi tí iná ti bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ. Ìyanu SOPHIE nígbà ayé rẹ̀ ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè bí iná ṣe pọ̀ tó níbì kan, tó wá sọ lẹ́yìn náà pé "ibí yìí ńkọ́?", ẹ̀rọ náà mọ̀ pé iná ló ṣì ń bi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ Yorùbá, ẹ mọ ẹrù tí "ńkọ́" ń rù. Gbogbo ohun tí a ti sọ sẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá rántí àná kò lè gbọ́ "ńkọ́".

Bàbá gbogbo wọn ni SCHOLAR, tí Jaime Carbonell gbé jáde ní 1970, tó ń kọ́ni nípa ilẹ̀ àti àwọn ìlú South America. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀rọ ìkọ́ni kò yàtọ̀ sí aṣọ́bodè ìdánwò: ó béèrè, o mú A tàbí B, ó ní o gbà á tàbí o kùnà, ó kàn. SCHOLAR gbà kí ọmọ náà yí ìbéèrè padà sí òun. Lóòótọ́, ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀ ni Joseph Weizenbaum ti ṣe ELIZA, tó ń bá èèyàn tàkurọ̀sọ, ṣùgbọ́n babaláwo èké ni ELIZA: ọ̀rọ̀ tí o bá gbé wá ló ń yí po tó ń dá padà fún ọ, ìwọ yóò sì máa mi orí pé ó rí i.

AutoTutor ló wá dé ní nǹkan bí ọdún 1997, ní Yunifásítì Memphis, lábẹ́ Art Graesser. Òun ti ní ojú àti ohùn. Yóò béèrè ìbéèrè tó gba àlàyé, ọmọ yóò fi gbólóhùn tirẹ̀ dáhùn, ẹ̀rọ yóò sì fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà wé ìdáhùn tí wọ́n ti kó sí i nínú, láti mọ bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó. Bí ó bá ku díẹ̀, á ní "kí ló tún kù?" Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí àléébù tó wà níbẹ̀: ìdáhùn tí wọ́n kó sí i nínú, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Memphis ni. Ọmọ tó bá sọ òtítọ́ ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò ronú kàn, ọmọ Suakoko tó gbé ọ̀bẹ ti ọsàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jìnnà sí ti inú ẹ̀rọ. Òmùgọ̀ ni ẹ̀rọ yóò pè é.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sí etíkun wa. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Làìbéríà, lábẹ́ mínísítà George Werner, kó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba 93 lé àwọn aládàáni mẹ́jọ lọ́wọ́ láti máa darí. Ariwo ta káàkiri ayé. Èyí tí ariwo pọ̀ jù lórí rẹ̀ ni Bridge, tó ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún olùkọ́, tí olùkọ́ yóò máa ka ohun tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ní kó sọ. Mi ò ní wọ inú ìjà yẹn; ó ti ní àwọn tó ń jà á. Ohun tí mo kàn fẹ́ tọ́ka sí ni pé nínú ètò yẹn, ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, olùkọ́ ni ẹnu rẹ̀. Bí ọmọ bá dáhùn lódì, tábúlẹ́ẹ̀tì kò gbọ́.

Òmíràn nínú àwọn mẹ́jọ yẹn ni Rising Academies, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Freetown, ìlú àwọn Sàró, ní 2014 nígbà tí Ebola ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Nígbà Kòrónà, orí rédíò ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe Rori, olùkọ́ ìṣirò tó ń gbé inú WhatsApp. Kò sí ohun tuntun tí ọmọ ní láti kọ́ kó tó lò ó. Bí èèyàn ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Rori á kí ọ, á fún ọ ní àlàyé ṣókí, á bi ọ́ ní ìbéèrè. Bí o bá kùnà, á fún ọ ní olobó, kó tó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Ẹ̀kọ́ kéékèèké inú rẹ̀ ju 500 lọ. Ní Gánà, wọ́n dán an wò fún oṣù mẹ́jọ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí 1,000 ní ilé-ẹ̀kọ́ 11: ìdajì wákàtí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lórí fóònù tí wọ́n pèsè nílé-ẹ̀kọ́. Àwọn tó lò ó fi 0.37 ta àwọn tí kò lò ó yọ, lórí òṣùwọ̀n tí àwọn aṣèwádìí ẹ̀kọ́ ń lò. Fún nǹkan tí kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Ní ìlú Benin lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, Báńkì Àgbáyé ṣe tirẹ̀ ní 2024. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn àkókò ilé-ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama jókòó ní méjì-méjì sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń bá Copilot ti Microsoft sọ̀rọ̀ láti fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ sì ń yí wọn ká. Àbájáde rẹ̀ dára débi tí wọ́n fi fi í wé ẹ̀kọ́ bí ọdún méjì ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ń ṣọ́ra fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìwọ̀n ọdún méjì níbi tí ẹ̀kọ́ ti ń falẹ̀ kì í pọ̀. Síbẹ̀, èrè wà níbẹ̀, mi ò jiyàn.

Ẹ ṣe àkíyèsí nǹkan kan ní Gánà àti ní Benin: àgbàlagbà wà nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó; irú ìrànwọ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe náà ṣe pàtàkì. Ní Túrkì, níbi tí wọ́n ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama bí 1,000 ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ìṣirò, àwọn tó ní èyí tó ń sọ ohunkóhun tí wọ́n bá béèrè ṣe dáadáa nígbà ìdánrawò, máàkì wọn fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn tí ìdánwò dé, wọ́n fi ìdá 17 kẹ́yìn sí àwọn tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Àwọn tó ní èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fún ni lólobó nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọmọ, ọ̀rẹ́ ọmọ ni. Kì í ṣe olùkọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, kíkọ àti kíkà ni. Ọmọ tó lè tẹ ìdáhùn ránṣẹ́ ti mọ̀wé díẹ̀. Ọmọ ọdún méje ní àdúgbò West Point tàbí Red Light ní Monrovia, tí kò tíì lè ka gbólóhùn kan já, ohùn ni yóò lò, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ti ń kọ́. Kolokwa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀ bí ó bá lè yẹra fún un. Ìrẹsì tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "rice", "rai" ni yóò dún. "Five" á di "fai", "nine" á di "nai". Ẹ wá fojú inú wo ọmọ kan tí ẹ̀rọ bi pé mẹ́rin àti márùn-ún jẹ́ mélòó, tó sì dáhùn pé "nai", tó tọ̀nà, tó ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rọ bá gbọ́ "fai", tàbí tó gbọ́ "night", tàbí tí kò gbọ́ nǹkan kan, yóò ní kó tún un gbìyànjú. Ọmọ á tún sọ ọ́. Ẹ̀rọ á tún ní kó gbìyànjú. Nígbà kẹta, ọmọ tó mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà mìíràn. Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ti ẹ̀rọ kò dá ìjà sílẹ̀, iyèméjì ló ń gbìn sí ọmọ lọ́kàn, ìyẹn sì burú ju ìjà lọ.

Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù òjìji. Ní 2020, àwọn aṣèwádìí ní Stanford dán ẹ̀rọ agbọ́rọ̀sọ ti ilé-iṣẹ́ márùn-ún wò: Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà bá sọ, ẹ̀rọ ń ṣi bíi mọ́kàndínlógún gbọ́. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló sọ ọ́, bíi márùndínlógójì. Àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà ló sì wá tẹ Monrovia dó láti 1822, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà nínú Gẹ̀ẹ́sì Làìbéríà títí dòní. Onímọ̀ èdè John Singler ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ ọmọ ìyá wọn tó kù sí Amẹ́ríkà, báwo ni yóò ṣe gbọ́ èyí tó ti gbé etí odò Mesurado fún igba ọdún, tí Kru, Bassa àti Kpelle ti bọ́ sí i lẹ́nu?

Kí a má sì máa fi tiwọn ṣe ẹlẹ́yà. Kọ "igba" sínú fóònù láìfi àmì sí i, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́. Ṣé 200 ni? Ṣé ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni? Ṣé igbá tí a fi ń bu omi ni? Tàbí ìgbá tí a fi ń se ọbẹ̀? Nínú àwàdà WhatsApp, a ó rí i fọwọ́ mú. Nínú ìṣirò, ọmọ ti kùnà nìyẹn.

Bí wọ́n bá bi mí (wọn kò bi mí), èmi yóò ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fi ohùn dídùn sọ Kpelle sílẹ̀ ná. Èyí tó dùn láti fi han olówó ìrànwọ́ nìyẹn. Ohun tó ṣòro, tí kò sì dùn-ún wò, ni kí èèyàn lọ jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Paynesville lẹ́bàá Monrovia, kó gba ohùn àwọn ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ òbí wọn, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti òjò lórí páànù, kó sì kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ "mẹ́sàn-án" sílẹ̀, àti gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kùnà "52 yọ 17". Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kí wọ́n máa sọ. Èyí tí wọ́n ń sọ. Olùkọ́ tó wà nínú kíláàsì náà mọ púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n sanwó fún un láti sọ ọ́. Kí wọ́n sì rántí pé ọ̀pọ̀ ilé ní Monrovia ń gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń gbowó cháàjì, àti pé dátà tí ọmọ fi ń kọ́ ìṣirò ni ìyá fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó bá béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó gbọ́ ìdáhùn kan ti ná owó ọbẹ̀.

Ní ìwọ̀ oòrùn Monrovia, ní apá Cape Mount, olùkọ́ irú èyí ti wà fún nǹkan bí igba ọdún láìní bátìrì. Láàárín 1830 sí 1840 ni Duwalu Bukele gbé ìlànà ìkọ̀wé Vai kalẹ̀, tí àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún sílébù kan. Sylvia Scribner àti Michael Cole, Cole kan náà tó bá Gay wọn ìrẹsì, lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn Vai, ìwé tí wọ́n kọ sì jáde ní 1981. Wọ́n rí i pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan tó ń kọ́ ìkọ̀wé yìí. Ọ̀rẹ́ ló ń kọ́ ọ̀rẹ́, ẹ̀gbọ́n ń kọ́ àbúrò, lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́, ní èdè tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ sì ni. Wọn kì í ṣe ìdánwò fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń lò ó jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Monrovia pé kó fi owó iyọ̀ ránṣẹ́, tí owó iyọ̀ sì dé, ó ti yege nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọṣẹ ló dé, yóò tún jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́, wọn yóò jọ wo ibi tí ọwọ́ ti yẹ̀.